Orírun Ọ̀rọ̀ “Algorithm”: Bí Orúkọ Ènìyàn Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Ìṣirò

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi yé ni pé orúkọ kì í ṣàdédé wà. Ó ní ilé tí ó ti jáde. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nípa orúkọ ènìyàn náà ni ó rí nípa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n jẹ́ orúkọ ènìyàn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Inú orúkọ Niels Henrik Abel, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó gbé ayé láti 1802 di 1829, ni ọ̀rọ̀ náà “abelian” ti jáde. Inú orúkọ George Boole, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1815 tí ó sì kú ní 1864, ni “boolean” ti jáde. Àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ “abelian”, èyí tí ó fi hàn pé orúkọ náà ti kúrò ní ti ẹnì kan, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Irú àṣà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ ra fìlà Awólọ́wọ̀ kò sọ pé òun fẹ́ gba fìlà lórí ẹnikẹ́ni. Irú fìlà kan ni ó ń tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣirò tí orúkọ ènìyàn bí, bóyá ni a fi lè rí èyí tí olówó rẹ̀ sọnù mọ́ àwọn tí ń lò ó lọ́wọ́ tó “algorithm”. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù fi ń pe ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kò sì mọ ẹni tí ó ni ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìtàn láti fi dí àyè tí ìmọ̀ kò sí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ẹni tí ó ni orúkọ náà, ọ̀nà tí orúkọ náà gbà di ọ̀rọ̀, àwọn àṣìtumọ̀ tí ó bá a pàdé lójú ọ̀nà, àti ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá rí kọ́ nínú rẹ̀. Ìdí ni pé irú ewu kan náà ń bẹ nínú bí a ti ṣe ń tú àwọn ọ̀rọ̀ àyálò èdè tiwa.

Ẹni tí ó ni orúkọ

Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Nǹkan bí ọdún 780 sí 850 ni ó gbé ayé. Ìlú Baghdad ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ní àkókò Kálífà al-Mamun tí ó jọba láti 813 sí 833, ní ibi ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bayt al-Hikma, èyí tí ó túmọ̀ sí Ilé Ọgbọ́n. Ó kọ ìwé lórí ìṣirò, lórí ìràwọ̀ ojú ọ̀run àti lórí ipò àwọn ìlú ní orí ilẹ̀ ayé.

Orúkọ rẹ̀ pín sí ipa mẹ́ta. Muhammad ni orúkọ tirẹ̀ gan-an. Ibn Musa túmọ̀ sí ọmọ Musa. Al-Khwarizmi ní tirẹ̀ túmọ̀ sí ará Khwarizm. Khwarizm jẹ́ àgbègbè kan ní ìsàlẹ̀ odò Amu Darya, ní gúúsù Òkun Aral. Orílẹ̀-èdè Uzbekistan àti Turkmenistan ni wọ́n pín ilẹ̀ náà láàrin ara wọn lónìí. Nínú èdè Lárúbáwá, “al” tí ó wà níwájú ni atọ́ka tí ó ń fi hàn pé ohun kan pàtó ni a ń sọ, “i” tí ó wà lẹ́yìn ni ó sì sọ orúkọ ilẹ̀ di orúkọ ẹni tí ó ti ibẹ̀ wá. Nisba ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń lo al-Khwarizmi lónìí bí ẹni ń lo orúkọ ìdílé, orúkọ ìlú ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù nì, Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Markaz tí ó wà ní Agége sílẹ̀ tí ó sì di olóògbé ní 1992, ni nisba tirẹ̀ ń sọ fún wa pé ará Ìlọrin ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ń pe obìnrin kan ní Ìyá Ìjẹ̀bú tàbí kí wọ́n pe ọkùnrin kan ní Bàbá Ọ̀yọ́ ní àdúgbò tí kì í ṣe tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò ní í pe obìnrin ní Ìyá Ìjẹ̀bú ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé gbogbo wọn ni ó jẹ́ Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ní ìdálẹ̀ ni irú orúkọ báyìí ti ń wúlò. Kì í sì í ṣe ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ ẹ. Láàrin ọdún 900 sí 1000, Muhammad ibn Ahmad al-Khwarizmi mìíràn wà tí ó kọ ìwé Mafatih al-Ulum.

Kókó àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: ní gbòǹgbò rẹ̀, “algorithm” kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà. Ará ìlú kan ni ó ń tọ́ka sí.

Ìwé méjì, ọ̀rọ̀ méjì

Ìwé ìṣirò méjì tí ọkùnrin yìí kọ ni ó fún ayé ní ọ̀rọ̀ méjì. Àkọ́kọ́ ni ìwé tí ó fi júbà Kálífà al-Mamun, tí ọ̀rọ̀ náà “al-jabr” wà nínú àkọlé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni “algebra” ti wá. Ìtumọ̀ “al-jabr” ni dídá ohun tí ó yẹ̀ tàbí tí ó dín padà sí ipò rẹ̀. Kódà, ní èdè Sípéènì àtijọ́, “algebrista” ni wọ́n ń pe ẹni tí ń to eegun.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní í pẹ́ lóye ohun tí al-jabr ń ṣe, nítorí pé “dín” wọ́pọ̀ nínú òǹkà wa. Nígbà tí a bá ní márùndínláàádọ́ta, a mọ̀ pé márùn-ún ni ó jẹ àádọ́ta kù. Ká ní a wá sọ pé ohun kan dọ́gba pẹ̀lú 40 tí a ti yọ ìlọ́po mẹ́rin ohun náà kúrò nínú rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin tí ó dín yìí ni al-jabr yóò dá padà. Bí a bá fi kún ọ̀tún, a gbọ́dọ̀ fi kún òsì pẹ̀lú. Ìlọ́po márùn-ún ohun náà yóò wá dọ́gba pẹ̀lú 40, ohun náà fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ́ 8. Olùkọ́ tí ó bá fi “dín” àti dídá padà ṣàlàyé báyìí ti fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé kejì dá lórí bí a ṣe ń fi òǹkà àwọn ará Íńdíà ṣírò. Àmì mẹ́sàn-án àti òdo ni òǹkà yìí ń lò, ipò tí àmì kọ̀ọ̀kan bá sì wà ni ó ń sọ iye tí ó jẹ́. Èyí tí al-Khwarizmi kọ ní èdè Lárúbáwá ti sọnù. Ìtumọ̀ èdè Látìn nìkan ni ó kù. Ìwé kejì yìí ni ó sọ orúkọ òǹkọ̀wé di ọ̀rọ̀.

Bí orúkọ ṣe di ọ̀rọ̀

Láàrin ọdún 1100 sí 1200, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé Lárúbáwá sí èdè Látìn, pàápàá ní ilẹ̀ Sípéènì tí àwọn Mùsùlùmí àti Krìsítẹ́nì jọ ń gbé. Ní ìlú Segovia ni Robert ará Chester ti tú ìwé al-jabr ní 1145. Ní àkókò yìí kan náà ni ìwé òǹkà di èdè Látìn. Ẹ̀dà kan lára rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Cambridge. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé náà sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ Algorizmi ni ohun tí ó ń bọ̀ níwájú.

Èdè Látìn kò ní ìró kh ti Lárúbáwá, nítorí náà “khwa” di “go”. “Al” tí ó jẹ́ atọ́ka lẹ̀ mọ́ orúkọ, wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi “us” sí ìparí rẹ̀ bí ìṣe ọ̀rọ̀-orúkọ Látìn, ó di “algorismus”. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n ń gbọ́ pé Algorizmi ni ó sọ báyìí, Algorizmi ni ó sọ bọ̀ọ̀ún, kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n mọ̀. Ìmọ̀ náà ni ó wá ń jẹ́ orúkọ náà. Nígbà tí Alexander de Villa Dei àti John ará Sacrobosco kọ ìwé tiwọn láàrin ọdún 1200 sí 1300, “algorismus” ti di iṣẹ́ ọnà fífi àmì mẹ́sàn-án àti òdo ṣírò.

Láti inú Látìn, ọ̀rọ̀ náà tún ya sí ọ̀nà púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di “augrim”. Geoffrey Chaucer lò ó fún òkúta tí wọ́n fi ń ṣírò. Ní èdè Sípéènì ó di “guarismo”, ní èdè Pọtogí ó di “algarismo”, méjèèjì sì túmọ̀ sí àmì nọ́ńbà. Títí di òní, ọmọ ilé-ìwé ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ Yorùbá, ń fi “algarismo” pe àmì 0 sí 9. Orúkọ ará Khwarizm ni wọ́n ń pè.

Àwọn àṣìtumọ̀

Nígbà tí wọn kò mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀ nìkan. Sacrobosco sọ pé onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tí ń jẹ́ Algus ni ó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ọba kan wà ní Íńdíà tí ń jẹ́ Algor, pé òun ni ó ni ín. Kò sí Algus, kò sì sí Algor; inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ àwọn méjèèjì jáde. Àwọn kan wo ìparí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ó jọ “arithmos” tí ó túmọ̀ sí nọ́ńbà ní èdè Gíríìkì, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni.

Àṣìṣe tí ó kẹ́yìn yìí kò parẹ́. Ó fi àpá sílẹ̀. “Th” tí ó wà nínú “algorithm” kò sí nínú orúkọ al-Khwarizmi. Ìfararora pẹ̀lú “arithmos” ni ó gbé e wọlé, tí “algorism” fi di “algorithm”.

Ohun mìíràn tí ó tún ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú ni “logarithm”. Lẹ́tà kan náà gan-an ni a fi kọ ọ́ àti “algorithm”. Ètò wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. John Napier, ará Scotland, ni ó fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, “logos” àti “arithmos”, ṣẹ̀dá “logarithm” nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1614. Ẹ̀yà Gíríìkì tí ó wà nínú “logarithm” jẹ́ òtítọ́. Èyí tí ó wà nínú “algorithm” kò ju ìfarajọ lọ. Ojú jọ ojú, ìdílé yàtọ̀.

Ọdún 1849 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Joseph Toussaint Reinaud, tẹ ìwé jáde nínú èyí tí ó ti tọ́ka sí al-Khwarizmi gẹ́gẹ́ bí orírun ọ̀rọ̀ náà. Ní 1857, Baldassarre Boncompagni tẹ ẹ̀dà Látìn tí ó wà ní Cambridge jáde, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ náà níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ènìyàn. Kì í ṣe ìfarajọ ìró ni ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n ṣí ni ó yanjú rẹ̀.

Ìtumọ̀ tí ó ní lónìí

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbi òǹkà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó gbòòrò, títí ó fi di ìlànà yòówù tí a là sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, tí ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò dé ibi ìdáhùn. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí ni ìlànà Euclid fún wíwá nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí ó lè pín nọ́ńbà méjì láìṣẹ́kù. Bí a bá ní 48 àti 18, a ó fi 18 pín 48, yóò ṣẹ́ku 12. A ó fi 12 pín 18, yóò ṣẹ́ku 6. A ó fi 6 pín 12, kò ní í ṣẹ́ku ohunkóhun. Ìdáhùn ni 6. Nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù ni Euclid kọ ìlànà yìí sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú al-Khwarizmi. Síbẹ̀ orúkọ al-Khwarizmi ni a fi ń pè é.

Ní 1936, Alan Turing ṣàlàyé lọ́nà pípé irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè fi irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀. Ní 1979, Donald Knuth láti Amẹ́ríkà àti Andrei Ershov láti Soviet Union kó àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú Urgench, ní ilẹ̀ Khwarizm, láti jíròrò lórí algorithm. Ọ̀rọ̀ náà padà sílé lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó kan èdè Yorùbá

“Al” tí ó lẹ̀ mọ́ “algebra” àti “algorithm” wà nínú ọ̀rọ̀ tí a ń pè lójoojúmọ́. Nínú Lárúbáwá ni àlàáfíà, àlùbáríkà, àlùjọ̀nnú, àlùwàlá àti Àlàájì ti wá. Àlùbọ́sà gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé. “Al-basal” ni Lárúbáwá, “albasa” ni Haúsá. Nítorí pé Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì láìsí fáwẹ̀lì láàrin wọn, “alb” di “àlùb”. Bí Látìn ṣe gbé “al” mì nínú Algorizmi náà ni Yorùbá ṣe gbé e mì nínú àlùbọ́sà.

Ibí ni ewu wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ pé oní di alá nínú aláṣọ àti aláàfin lè fẹ́ tú àlàáfíà sí “alá” àti “àfíà”. Ó ti di ọmọ ẹ̀yìn ẹni tí ó rí ọba Algor nìyẹn. Ohùn ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tako o: ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ aláṣọ àti aláàfin, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ àlàáfíà. “Al-afiya” tí ó túmọ̀ sí ìlera ni orírun rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé “Ṣé àlàáfíà ni?” lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ mọ̀ bí ara rẹ̀ ti le tó.

Ẹ tún wo àlùjó àti àlùjọ̀nnú. A lè tú àlùjó: lù àti jó wà nínú rẹ̀, ìlù tí a ń lù fún ijó sì ni. Bí a bá tú àlùjọ̀nnú bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lù, “jọ̀nnú” kò sì ní ìtumọ̀. Alùpùpù pẹ̀lú ṣeé tú, nítorí ìró tí ẹ̀rọ náà ń mú jáde ni a gbọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ni ẹ̀rọ náà ti wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ní “àlù” ni ó gbé ìlù dání.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkọ́ fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó tú ọ̀rọ̀ kankan. Ǹjẹ́ ìró àti ohùn rẹ̀ bá òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu? Ǹjẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tí ó para pọ̀ di ìtumọ̀ odidi ọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ èdè mìíràn tí ó bá wa pààlà tàbí tí ó bá wa ṣòwò ní ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ní ìró àti ní ìtumọ̀? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí wọn, kí ó má tú u.

Ọ̀rọ̀ náà nínú kíláàsì

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ àkóso Babátúndé Fáfúnwá ni ó ti hàn gbangba pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Iṣẹ́ èdè-ìperí sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Báwo ni kí wọ́n ṣe pe “algorithm”?

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí a yá a, kí a sì fi ìró Yorùbá pè é, bí i “alugọ́rídímù”. Orúkọ al-Khwarizmi yóò ṣì wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dá a mọ̀ nínú ìwé èdè mìíràn, ṣùgbọ́n kò ní í sọ fún un ohun tí ó jẹ́. Èkejì ni kí a ṣàpèjúwe rẹ̀, bí i “ìlànà oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé”. Èyí yóò yé ọmọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn náà yóò sọnù lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀nà kẹta kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tọ̀: kí a wo “arithm” tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ nọ́ńbà túmọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ni yóò di èdè-ìperí wa nígbà náà.

Èyí tí ó dára jù ni kí ọ̀nà méjèèjì àkọ́kọ́ jọ wà. Kí olùkọ́ fi ìlànà oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé ṣàlàyé, kí ó fi alugọ́rídímù sọ ọ́ lórúkọ, kí ó sì sọ ìtàn ọkùnrin ará Khwarizm náà láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìgúnlẹ̀

Orúkọ ìlú kan di orúkọ ènìyàn, orúkọ ènìyàn di orúkọ ìwé, orúkọ ìwé di orúkọ òǹkà, òǹkà sì di ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, àwọn tí ń lo ọ̀rọ̀ náà gbàgbé díẹ̀ nínú ohun tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó dá ìrántí padà ni pé àwọn kan padà lọ wo ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́ èdè Yorùbá náà nìyí. Kí a tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wo ilé rẹ̀.